Ọwọ́ Tó Wà Léjìká Joel Àjíṣafẹ́

Kò sí irú òkú tí mi ò tíì wọ̀ láṣọ ní Òkìtìpupa yìí. Bí bàbá yín bá kú tí kò ní fọ́tò gidi, tó jẹ́ pé èyí tó yà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nídìí ọ̀pẹ nìkan lẹ rí, ẹ ṣáà gbé e wá. Màá gé orí rẹ̀, màá gbé e lé ọrùn agbádá funfun kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, màá dé e ní fìlà, ẹ ó sì sunkún nígbà tí ẹ bá rí i. Agbádá kan náà ni o. Ìdajì àwọn bàbá tó ti sùn nínú Olúwa láti ibí dé Ìlútítun ló ti wọ̀ ọ́, ẹbí kan ò sì tíì bá ẹbí kejì jà nítorí rẹ̀. Ojú òkú tirẹ̀ ni kálukú ń wò, wọn kì í wo aṣọ òkú ẹlòmíràn.

Nítorí náà, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Philemon Àjíṣafẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, tó gbé fọ́tò bàbá bàbá rẹ̀ sórí tábìlì pé kí n bá òun sọ ọ́ di bánà, mo rò pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àyèká fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí àwọn ọmọ ìlú tó lọ sógun Hítílà, nítorí ó pé ọgọ́rin ọdún tí ogun náà parí. Ilé tó bá ní ẹni tó lọ yóò gbé bánà wá, wọn yóò fi kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, olórí ẹbí yóò sì dúró pe orúkọ àwọn òkú ilé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Fọ́tò náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kòkòrò sì ti jẹ etí rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé kan tí wọ́n fi ọparun kọ́. Ọ̀kan dúdú, ó ga, báńdéèjì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì: Joel Àjíṣafẹ́ nìyẹn nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún. Ẹnì kejì jẹ́ ará Ṣáínà, ó rù hangogo, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká Joel. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò.

Bọ̀ọ̀dá Philemon ní kí n yọ ará Ṣáínà yẹn kúrò, kí n wọ bàbá àwọn ní agbádá. Mi ò béèrè ìdí, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan tó ń la ọ̀nà ti ń fi katakata wó oko àwọn èèyàn Àyèká, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ pọ̀. Bọ̀ọ̀dá Philemon sì ni alága àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n wó oko wọn. Òun ló ń kó wọn lọ sí ọ́fíìsì káńsù, òun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ìlú kò sì ní ṣe kó má sọ̀rọ̀. Àwọn kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé òun àti àwọn ará Ṣáínà ti jọ ń jẹun nínú àwo kan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá gbé ará Ṣáínà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, tí onítọ̀hún ń rẹ́rìn-ín, tó gbọ́wọ́ lé bàbá bàbá rẹ̀ léjìká, ó tán fún un nìyẹn.

Èmi náà ò fẹ́ràn wọn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára ohun tí wọ́n wó. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀.

Ó yẹ kí n ti ṣe é tán kí omi tó hó lórí iná. Mo yọ ará Ṣáínà náà, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò lọ. Ó ṣẹ́ kù sí èjìká Joel, ìka mẹ́rin ketekete, kò sí ẹni tó ni ín. Mo fi agbádá bò ó, ó sì bò lóòótọ́, ṣùgbọ́n Joel kò bá agbádá náà mu. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fara tì nínú fọ́tò yẹn, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín sí létí. Nígbà tí kò wá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, ó dà bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Mo na ọrùn rẹ̀ tọ́, ó di ẹlòmíràn. Mo tú u, mo tún un ṣe, mo tún tú u.

Mo dìde, mo lọ ra ẹ̀pà lódìkejì títì, mo padà wá, mi ò jẹ ẹ́. Oníbàárà kan wọlé wá ṣe fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, mo kígbe mọ́ ọn pé kó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní ṣé kò sí o. Kí ni mo fẹ́ máa fi òkú tí mi ò mọ̀ rí dààmú ara mi fún?

Lọ́jọ́rú ni fóònù mi dún. Mama Agatha ni. Ọmọ Joel gan-an ni, ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ̀ọ̀dá Philemon. Nígbà tí bàbá Philemon kú, òun ló mú ọmọ náà sọ́dọ̀ tó sì tọ́ ọ dàgbà, ìdí nìyẹn tí Philemon fi ń pè é ní Iye, bí a ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí fọ́tò bàbá òun pẹ́ níta, kí n fọwọ́ ara mi dá a padà, kí n má fi rán ẹnikẹ́ni. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àyèká.

Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ mọ ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a ń pè ní púpurú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò fọ́; gbogbo púpurú tó mọ ló rí roboto, wọ́n sì dọ́gba ju ti ẹni tó ríran lọ. Ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yípo, ó wá ní kí n jókòó. Ó béèrè bóyá mo mọ ẹni tó jókòó ti bàbá òun. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní òyìnbó kó bàbá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibí lọ sí Bọ́mà kí wọ́n lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà. Òjò ibẹ̀ kì í dá, ẹsẹ̀ bàbá òun sì jẹrà mọ́ inú bàtà. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ológun ní Íńdíà, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà tó fara gbọgbẹ́ ló sì kún ibẹ̀. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tirẹ̀ ń jẹ́ Ṣẹ́ẹ̀nì. Kò gbọ́ Yorùbá, Joel kò gbọ́ èdè tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn méjèèjì kò sì tó fi ra iyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà kọlu Joel, tí kò lè jẹun mọ́, Ṣẹ́ẹ̀nì ló ń fi ṣíbí bu omi ìrẹsì sí i lẹ́nu. Nígbà tí ara Joel yá, ó mú obì tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ogun tiwa, ó pa á sí méjì, ó fún un ní ìdajì. Ṣẹ́ẹ̀nì kò jẹ obì rí láyé rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ fún pọ̀ nítorí ó korò, ṣùgbọ́n kò tu ú. Mama ní bàbá òun máa ń sọ pé ẹni tó jẹ obì rẹ tí kò tu ú dànù, ará ilé rẹ ni.

Ṣẹ́ẹ̀nì kò kúrò nílé ìwòsàn náà. Ọgbẹ́ inú rẹ̀ ló pa á, Joel sì wà lára àwọn tó gbé e lọ sin, ó ń tiro lọ. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ fọ́n ká sí. Nígbà tí Joel padà sí Àyèká, tó fẹ́yàwó, tó kọ́lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Ṣẹ́ẹ̀nì mọ́ àwọn òkú ilé níbi àdúrà ìparí ọdún. Ó pè é títí ó fi kú. Agatha ló gbà á ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni mò ń pè é báyìí, ọma mi," ó ní. "Bí mo bá lọ, ó ku Philemon. Bí Philemon ò bá pè é, á dà bí ẹni tí wọn ò bí rí."

Ó wá béèrè bóyá Ṣẹ́ẹ̀nì hàn dáadáa nínú bánà tí mò ń ṣe. Ó ní ojú òun ò ríran, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ìlú rí i, nítorí inú yàrá nìkan làwọn ti ń pè é látọjọ́ yìí. Mo ní mo ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́, ojú sì tì mí. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n wá ṣe ojú fún òun. Mo ní màá wá.

Lórí ọ̀kadà ni mo ti ń bínú. Wọ́n kọ́ wa ní ogun yẹn nílé ẹ̀kọ́ o. Wọ́n kọ́ wa ní Hítílà, wọ́n kọ́ wa ní òyìnbó, wọ́n ní àwọn bàbá wa lọ sí Bọ́mà. Kò sí olùkọ́ tó sọ fún mi pé àwọn ará Ṣáínà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo wò ó lórí fóònù. Ọdún méjì kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ni Jàpáànù ti ya wọ ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn tó kú níbẹ̀ sì tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Mo wá rántí pé nínú oṣù kẹsàn-án, mo rí àwọn ará Ṣáínà lórí tẹlifíṣọ̀n níbi ìrántí ogun yẹn, àwọn ọmọ ogun ń yan, àwọn arúgbó jókòó pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ láyà. Mo pòṣé, mo yí i sí ibòmíràn. Mo rò pé agbára ni wọ́n ń fi hàn wá.

Ọjọ́ Ẹtì ni Bọ̀ọ̀dá Philemon wá gba bánà. Mo sọ gbogbo ohun tí Mama sọ fún un. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Láti kékeré lòun ti ń ṣe àmín sí orúkọ náà. Ó wá wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

"Adétutù, Iye ò ríran," ó ní. "Sọ fún un pé ó wà níbẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?"

Mo ní ṣé ohun tó fẹ́ fi san oore ẹni tó tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnu mi kì í dúró bí inú bá ń bí mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Èèyàn burúkú kọ́ ni, ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Ó ní lọ́jọ́ tí katakata wọ oko Bàbá Ambrose, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ òun, òun débẹ̀, òun bá bàbá náà lórí ọ̀pẹ kan tó ṣubú, ọ̀pẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tó jókòó sórí rẹ̀ tó ń béèrè pé ta ni kí òun lọ sọ fún. Ó ní Bàbá Ambrose yóò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ fún un, pé ará Ṣáínà tàwọn yàtọ̀ sí àwọn tó wó oko rẹ̀?

Mo tẹ bánà náà jáde: Joel nínú agbádá, òun nìkan, ọrùn tọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ò tíì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti fẹ́ sá padà sílé. Bánà márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà lára ògiri ìta, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn. Mẹ́ta nínú wọn ló wọ agbádá mi. Mama Agatha di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ró ìró tó dára jù lọ tó ní, ó ní kí n mú òun dé iwájú ti bàbá òun. Bọ̀ọ̀dá Philemon wà nítòsí pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ rẹ̀. Ó rí wa. Ó tẹjú mọ́ mi, ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń rán mi létí ohun tó ní kí n sọ.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?" Mama béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí gbogbo wa lọ jókòó, kí a kọrin, kí a lọ jẹun. Ó ti ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ sí ògiri bí ẹni tó ń rí i. Inú bí mi sí Philemon, ó bí mi sí àwọn tó wó oko, ó sì bí mi sí ara mi ju gbogbo wọn lọ.

"Kò sí níbẹ̀, Mama," mo ní. "Bọ̀ọ̀dá Philemon ló ní kí n yọ ọ́. Èmi ni mo yọ ọ́."

Kò pariwo. Ó ní kí Philemon wá. Ó wá, ó ń làágùn. Mama wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú ní ọrùn ọwọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwa mẹ́ta nìkan la gbọ́. Ó ní òun ò ní béèrè ìdí, òun ń gbọ́ rédíò, òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ní ohun kan wà tí bàbá òun sọ fún òun tí òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bàbá òun sunkún nígbà tó ń sọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ṣẹ́ẹ̀nì mú igi, ó ń fi ya nǹkan sórí ilẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn náà. Ó ya ilé. Ó ya odò. Ó ya oko ìrẹsì ní ebè-ebè, ó ya bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ nínú oko náà. Joel mi orí pé òun mọ oko, àgbẹ̀ lòun náà. Ṣẹ́ẹ̀nì wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu gbogbo rẹ̀ rẹ́, ilé, odò, oko, bàbá, ó sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Àwọn ará Jàpáànù ló gbà á," Mama ní. "Oko bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di sójà. Philemon, kì í ṣe òun ló gba oko Ambrose."

Bọ̀ọ̀dá Philemon wo ẹ̀yìn, síbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ dúró sí. Ó ní, "Iye, àwọn wọ̀nyí ò ní gbọ́ ìyẹn."

"Àwọn kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," Mama ní, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Agogo lù, a wọlé.

Mi ò lè sọ ohun tí àlùfáà wàásù lé lórí. Mo jókòó ti Mama, mò ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ títí obìnrin iwájú mi fi bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó kan pípe orúkọ, ẹbí kọ̀ọ̀kan dìde, olórí wọn gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń pe òkú kan, ìjọ ń dáhùn pé kó sinmi ní àlàáfíà. Ó yí kan ilé Àjíṣafẹ́. Mama di bẹ́ǹṣì iwájú mú, ó dìde. Philemon gba ẹ̀rọ. Àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ wà ní ìlà méjì lẹ́yìn wa, Bàbá Ambrose ló wà ní ìpẹ̀kun, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀.

Philemon pe Joel Àjíṣafẹ́. Ìjọ dáhùn. Ó pe Susan, ìyàwó Joel. Ìjọ dáhùn. Ó pe Akínsànyà, bàbá tó bí i lọ́mọ. Ìjọ dáhùn. Ó tán síbẹ̀. Ẹbí tó kàn ti dìde, ọkùnrin wọn ti na ọwọ́ láti gba ẹ̀rọ.

Philemon kò gbé e sílẹ̀. Ó dúró, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Mama kò jókòó. Èmi tí mi ò mọ àdúrà gbà lójijì, mo ń gbà á.

"Ṣẹ́ẹ̀nì," ó ní. Ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé e. Ó wúkọ́, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. "Ṣẹ́ẹ̀nì, ará Ṣáínà, ọmọ àgbẹ̀. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Òun ló fún bàbá wa lóúnjẹ nígbà tí kò lè jẹun, bàbá wa ló sì gbé e sin. Òkú ilé wa ni."

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn. Ọkùnrin méjì nínú àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, bàtà wọn ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Philemon wò wọ́n lọ. Kò pè wọ́n padà, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Bàbá Ambrose gbé orí sókè. Ó béèrè, kì í ṣe sínú ẹ̀rọ, bí ẹni tó ń béèrè nǹkan lórí ọ̀nà oko, pé ṣé wọ́n dá oko náà padà fún wọn.

Philemon ní òun ò mọ̀. Ó ní ọmọ náà kú kó tó délé.

Bàbá Ambrose wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. "Kó sinmi ní àlàáfíà," ó ní, òun nìkan. Àwọn díẹ̀ wá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn púpọ̀, kì í ṣe gbogbo ìjọ.

Mama jókòó. Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú, omi ń jáde ní ojú rẹ̀ tí kò ríran. "Ó ti gba orúkọ náà pè lọ́wọ́ mi," ó ní. Philemon sì gbé ẹ̀rọ fún ẹbí tó kàn.